Ẹrù Tí Ẹ Gbé, Kòkòrò Inú Rẹ̀ Ńkọ́? Ojúṣe Agbaṣẹ́ṣe Lábẹ́ Òfin Ìsémọ́ Kòkòrò Àjèjì

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò ọjà oko, àti àwọn kọngílá tó ń bá wọn kó ẹrù wá sí Òtò, Ìdó, Oyíngbò àti àyíká wọn

  

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ni ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò oko ń wá ní Òtò, níbi tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀, tí oko tí a lè rí ò ju ewébẹ̀ díẹ̀ tí ẹnì kan gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lọ. Ìbéèrè náà dára. Òtò kò gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni àgbàdo ń gbà kọjá. Láti ọdún 1901 tí ojú irin ti so Èkó mọ́ Ìbàdàn, àti láti 1912 tí ó ti dé Kánò, Ìdó ni ẹrù òkè ọya ń já sí. Nígbà tó yá, lọ́rì àti tírélà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ẹrù kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yìí. Àpò tí wọ́n bá sọ̀ ní Oyíngbò láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti fọ́n ká sí Múṣín, Súrùlérè, Yábàá, àti sítọ́ọ̀ àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ. Àwọn àgbà ní ọjà Oyíngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í mọ̀ pé ẹnì kan wá, àní bí ẹni tó wá náà bá jẹ́ kòkòrò.

Àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn

Kòkòrò tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prostephanus truncatus. Kì í ṣe kòkòrò àgbàdo tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀. Àjèjì ni. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, a ó máa pè é ní adágbàdolu níbí, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń dá àgbàdo lu.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ló wọ Tanzania. Ní 1984 wọ́n rí i ní Tógò. Ní 1986 wọ́n rí i ní Benin. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Benin ṣe jìnnà tó sí ibi tí ẹ jókòó sí. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ti wà ní Nàìjíríà. Ó ní ìyẹ́ o, ó sì ń fò, ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ́ kòkòrò kékeré tó lè gbé e sọdá òkun láti Mẹ́síkò wá sí Áfíríkà. Ènìyàn ló gbé e. Ó wà nínú àpò, àpò wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ní ẹni tó gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tilẹ̀ ń pe kòkòrò yìí ní Scania. Ẹ̀yin dírẹ́bà kò ní bi wá pé kí ni Scania.

Ohun tó fi burú ju kòkòrò tí a ti mọ̀ lọ ni pé kì í jẹun díẹ̀ díẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Tógò láàárín àwọn ọdún 1980 fi hàn pé kó tó dé, àgbàdo tí àgbẹ̀ bá tọ́jú fún oṣù 6 ń pàdánù nǹkan bíi 7 nínú 100. Lẹ́yìn tó dé, ó ti di 30 nínú 100. Pákí gbígbẹ tí a fẹ́ fi ṣe láfún pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti pákí tilẹ̀ burú ju ti àgbàdo lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí owó ara yín: nínú àpò 10, 3 ti di ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni kò lè rà.

Ìjọba àti àwọn onímọ̀ kò ká ọwọ́ gbera. Ní 1991 ní Tógò, àti ní 1992 ní Benin, wọ́n tú kòkòrò ọdẹ kan tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ tí adágbàdolu fúnra rẹ̀ ti wá. Ọdẹ yìí ṣe iṣẹ́ díẹ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n kò lè wọ sítọ́ọ̀ tí a ti tì pa láti bá yín gba àpò yín. Inú sítọ́ọ̀ àti inú ọkọ̀, ọwọ́ yín ni ó wà.

Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀

Kòkòrò àgbàdo àtijọ́ ní ẹnu gígùn tó yọ síwájú bí ọwọ́jà erin. Adágbàdolu kò ní in. Ara tirẹ̀ rí róbótó bí igi pẹ́ńsù tí a gé kékeré, àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú mọ́ dúdú, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 sí 4 àti ààbọ̀. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ ò ní rí orí rẹ̀, torí pé ó tẹ orí ba sábẹ́ ejìká bí ìjàpá. Ìdí rẹ̀ wá dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e bẹẹrẹ. Kòkòrò kan tún wà tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré sí i, ìdí rẹ̀ sì rí roboto.

Ojú àgbàlagbà lè má ríran tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má dààmú. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ wò. Àpò tí adágbàdolu wà nínú rẹ̀ máa ń da ìyẹ̀fun funfun sílẹ̀ lábẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹ̀lọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ tún wo igi: ilẹ̀ pákó ọkọ̀, páléètì, òpó abà. Kòkòrò yìí ń lu igi gbígbẹ pẹ̀lú, ó sì lè fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé nígbà tí kò sí àgbàdo nínú ọkọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ kọngílá ni kò mọ èyí. Wọ́n á sọ ẹrù tán, wọ́n á ní ọkọ̀ ti mọ́.

Kí ni ìsémọ́?

Ìsémọ́ ni ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní kọ́rántíìnì. Kì í ṣe ìjìyà. Nígbà tí ìgbóná bá wọ agbo ilé láyé àtijọ́, ọlọ́gbọ́n kì í kó ẹní aláìsàn gba àárín ọjà kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra aláìsàn náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹrù: a dá a dúró, a yẹ̀ ẹ́ wò, a tọ́jú rẹ̀, bó bá sì mọ́, a jẹ́ kó kọjá.

Láti 1951 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ní àdéhùn láàárín ara wọn lórí ààbò ohun ọ̀gbìn. Nílẹ̀ wa, òfin tó ń ṣàkóso bí a ṣe ń kó ohun ọ̀gbìn wọlé ti wà láti 1959. Ọ́fíìsì Plant Quarantine ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ni àwọn àgbà mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Lónìí, Nigeria Agricultural Quarantine Service, tí a ń gé kúrú sí NAQS, ló ń ṣe é, òfin tó gbé e dúró sì jáde ní 2017. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní èbúté Àpápá, ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, àti ní ẹnubodè bíi Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdírokò.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ohun ọ̀gbìn tàbí ọjà oko wọlé láti ilẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ kí ẹrù tó gbéra. Ẹrù náà sì gbọ́dọ̀ bá ìwé ẹ̀rí ìlera rìn, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ tó ti ń bọ̀ fọwọ́ sí. Bí a bá ń kó tiwa jáde, NAQS ló ń fún wa ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé méjèèjì kò jẹ́ ọ̀kan náà o. Ọ̀pọ̀ ló ń mú rìsíìtì kọ́sítọ̀ọ̀mù dání, wọ́n á ní àwọn ti ní ìwé. Kọ́sítọ̀ọ̀mù gba owó orí ẹrù ni. Kò yẹ kòkòrò wò.

Ta ni à ń pè ní agbaṣẹ́ṣe?

Ẹni tó ní lọ́rì tó ń gba owó ọkọ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ láti máa kó àgbàdo fún ilé ìwé tàbí oko adìyẹ. Ẹni tó ń yá ènìyàn ní sítọ́ọ̀. Ẹni tí a pè láti wá fín oògùn sí sítọ́ọ̀. Káfíńtà tó ń kan páléètì. Ẹni tí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ gbé iṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ fún láti pín fún àwọn àgbẹ̀. Gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, àwáwí kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn: "Èmi kọ́ ni mo gbìn ín, èmi kọ́ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, gbígbé ni wọ́n ní kí n gbé."

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àárín ìyá oníṣòwò kan àti kọngílá rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àròsọ ni o, ṣùgbọ́n kò ní ṣàjèjì sí yín.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹrù yín ti dé. Àpò 100 pé."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O ṣé. Kí ni funfun tó ń dà lábẹ́ àpò wọ̀nyí?"

"Eruku ọ̀nà ni, Mà."

"Eruku ọ̀nà tí mo mọ̀, pupa ni. Bá mi tú ọ̀kan."

"Mà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an láti ọ̀hún. Ẹ bi àwọn tó di ẹrù. Èmi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"O ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, o wá gbowó ọkọ̀ lórí ẹ̀? Bó bá jẹ́ pé òkú ni wọ́n dì sínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Háà, Mà!"

Màmá le díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọngílá náà kò purọ́ tán: òótọ́ ni pé kì í ṣe òun ló di ẹrù. Ibi tí ó ti kùnà ni pé kò wò ó kó tó gbé e, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Báyìí, àgbẹ̀ á ní ẹrù òun mọ́ nígbà tó kúrò lóko, inú ọkọ̀ ló ti kó kòkòrò. Kọngílá á ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a. Màmá á ní òun ò sanwó. Àwọn mẹ́ta ni yóò pàdánù, kò sì sí adájọ́ tó lè fi ojú lásán mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àpò 100 náà ńkọ́? Wọ́n ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹlòmíràn, kòkòrò sì ń sọdá.

Kí ẹ tó gbé ẹrù

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí pé wákàtí kan lóko lè gba yín lọ́wọ́ oṣù kan wàhálà ní Èkó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ yín. Ẹ gbá a láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ha gbogbo àlàfo pákó, torí ibẹ̀ ni ìyókù ẹrù àná ń sá sí. Ohun tí ẹ bá gbá, ẹ sun ún. Ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí pákó ilẹ̀ ọkọ̀ bá ti ní ihò tín-ín-rín tí ìyẹ̀fun igi ń dà jáde lára rẹ̀, ẹ yọ pákó náà kúrò. Owó pákó kan kò tó owó àpò kan.

Ẹ wo tapólì àti àpò pẹ̀lú. Àpò lílò dára, a mọ̀ pé àpò tuntun wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ rì í sínú omi híhó, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ kí ẹ tó rọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ yí i síta sínú. Ìrán àpò ni kòkòrò fẹ́ràn jù.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yẹ ẹrù wò. Kò ṣeé ṣe láti tú gbogbo àpò, nítorí náà àwọn ayẹrùwò ní ìlànà kan tí ẹ lè lò. Bí àpò kò bá ju 10 lọ, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bó bá ju 10 lọ títí dé 100, ẹ mú 10 láti ibi tó yàtọ̀ síra: òkè, ìsàlẹ̀, àárín, ẹ̀gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí olówó ẹrù bá yín mú un o. Ẹni tó ń ta màlúù kì í fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún han oníbàárà. Bó bá ju 100 lọ, ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà iye ara rẹ̀ yóò fún wa ní iye àpò náà. Àpò 400, ẹ mú 20. Àpò 900, ẹ mú 30.

Ẹ fi irin ìgúnpò fa àgbàdo díẹ̀ láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dà á sórí asẹ́, kí ẹ jọ̀ ọ́ sórí bébà funfun. Ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, oòrùn á mú kó rìn. Ẹ tẹ àgbàdo díẹ̀ lẹ́nu tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin rẹ̀. Àgbàdo tó bá ju 13 nínú 100 lọ kò tíì yẹ ní gbígbé lọ sí sítọ́ọ̀.

Ohun yòówù tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sórí wébíìlì: ọjọ́, oko tàbí ọjà tí ẹrù ti wá, iye àpò, iye tí ẹ yẹ̀ wò, ohun tí ẹ rí. Kí ẹni tó ni ẹrù fọwọ́ sí i, tàbí kó tẹ àtàǹpàkò. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún un. Bí kọngílá inú àròsọ wa bá ní irú bébà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Màmá ì bá ti parí ní ìṣẹ́jú 2.

Bí ẹ bá sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ńkọ́, bíi kí ọkọ̀ tiyín bàjẹ́ kí ẹ pe ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín? Ojúṣe kò bá ẹrù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olówó ẹrù ni yóò bi. Ẹ kọ́ dírẹ́bà yín, ọmọ ọkọ̀ yín àti àwọn alábàárù yín ní ohun tí ẹ̀ ń kọ́ níbí. Alábàárù ló ń gbé àpò sórí. Òun ni ìyẹ̀fun máa ń dà sí lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Bí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà tàbí nígbà tí ẹ dé

Ẹ má sọ̀ ọ́. Èyí ni ó le jù, torí pé dírẹ́bà ti rẹ̀, oníbàárà ń retí, àwọn ọmọ ọjà sì ń pariwo pé kí ẹ ṣí ọ̀nà. Ẹ fi tapólì bo ẹrù dáadáa, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò láàárín àwọn ẹrù yòókù, ẹ ránṣẹ́ sí olówó ẹrù, sí olùkọ́ àgbẹ̀ tó súnmọ́ yín, àti sí NAQS bó bá jẹ́ ẹrù tó ti òkè òkun tàbí ẹnubodè wá. Ẹ má ta á ní ẹ̀dínwó fún olóko adìyẹ kẹ́ ẹ lè rí i tà kíákíá. Sítọ́ọ̀ olóko adìyẹ náà kún fún àgbàdo. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, àwọn ẹyin tó wà nínú àpò yẹn ti di kòkòrò tó lè fò lọ sí sítọ́ọ̀ kejì.

A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú pópó. Ẹni tó ti náwó fún oríṣiríṣi ènìyàn láti Ṣakí dé Ọ̀jọ́ta lè rò pé òun ti ra ọ̀nà. Ẹ̀gúnjẹ ò pa kòkòrò. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ẹrù yín padà.

A sì ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olówó ẹrù àti àwọn aláṣẹ ọjà pẹ̀lú. Bí kọngílá bá fúnra rẹ̀ wá sọ pé òun rí kòkòrò, ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ má sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́ lónìí, lọ́la eruku ọ̀nà ni gbogbo wọn yóò máa pè é.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Oògùn tó ń pa kòkòrò inú àpò dáadáa ni èyí tó jẹ́ hóró, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phostoxin. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó tú gáàsì jáde. Gáàsì yẹn ń pa kòkòrò, ó sì ń pa ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà nìkan ló gbọ́dọ̀ lò ó, lábẹ́ tapólì tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá, níbi tó jìnnà sí ilé tí ènìyàn ń sùn. Ní Òtò tí sítọ́ọ̀ àti yàrá ìgbé ti fara kanra, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ má fi hóró kankan sínú ọkọ̀ tí dírẹ́bà ń wà. Ẹ má sì ṣí tapólì kí ó tó pé ọjọ́ 5. Ọjọ́ 7 ló dára jù. Kọngílá tó bá ní òun á fín in lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tà á láàárọ̀ ọ̀la ń gba owó yín lásán, torí kòkòrò tí kò kú tán á bí ọmọ tí oògùn náà kò ní ràn mọ́.

Ti ọ̀tápiápiá àti Sniper, ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí pé wọ́n bá oògùn dichlorvos nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó fi oògùn yẹn sí i fẹ́ pa kòkòrò ẹ̀wà ni. Wọ́n pa ọjà gbogbo àgbẹ̀ ẹlẹ́wà pọ̀ mọ́ ọn.

Páléètì, pákó àti àpótí

Àwọn ará Èbúté-Mẹ́ta mọ Oko-Bàbá, níbi tí wọ́n ti la igi létí ọ̀sà fún ọjọ́ pípẹ́. Àwọn káfíńtà wà tó ń kan páléètì àti àpótí fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí òkè òkun. Ẹ̀yin náà, ẹ wà lábẹ́ òfin ìsémọ́.

Láti 2002 ni ìlànà àgbáyé kan ti wà lórí igi tí a fi di ẹrù, tí wọ́n ń pè ní ISPM 15. Ó ní kí a bó èèpo igi náà kúrò, kí a sì mú kí ó gbóná títí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún yóò fi dé 56 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí a fi gáàsì tí wọ́n fọwọ́ sí tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò lu òǹtẹ̀ sí i lára: àmì ọkà, lẹ́tà NG tó dúró fún ilẹ̀ wa, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, àti HT bó bá jẹ́ pé ooru ni a fi tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo káfíńtà ló ní ẹ̀tọ́ láti lu òǹtẹ̀ yìí. Ẹni tó bá gbẹ́ ayédèrú òǹtẹ̀ ti sọ ẹrù oníbàárà rẹ̀ sínú ewu, torí wọ́n lè dá odidi kòǹténà padà tàbí kí wọ́n sun igi náà, kí wọ́n sì gba owó ìsun lọ́wọ́ olówó ẹrù.

Ẹ gbọ́ ìdí tí àwọn òyìnbó fi le tó bẹ́ẹ̀. Ní 1996, wọ́n rí kòkòrò kan láti ilẹ̀ Ṣáínà tó ń dá igi lu nínú àwọn igi ẹ̀gbẹ́ títì ní Brooklyn, New York. Inú igi tí wọ́n fi di ẹrù ló bá wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ni wọ́n gé lulẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn kọngílá tó ń gé igi ní àdúgbò tí wọ́n sé mọ́ gbọ́dọ̀ bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó lè gbé ẹ̀ka igi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, kí ó má ju ínǹṣì kan lọ, kí kòkòrò kankan má baà yè nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gba "gbígbé ni wọ́n ní kí n gbé" lẹ́nu wọn. Ohun kan náà la fẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ wa.

Igi ẹ̀gẹ́

Èyí kúrú. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́, kó má lọ já a níbi tó bá ṣáà ti rí i. Kòkòrò funfun tó bo ẹ̀gẹ́ bí ìyẹ̀fun, tó wọ Áfíríkà ní 1973 ní agbègbè Kóńgò, tó sì dé Nàìjíríà ní 1979, inú igi ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn gbé wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló bá wọlé. Ìyàn ì bá mú púpọ̀ bí kì í bá ṣe agbọ́n kékeré kan láti Paraguay tí àwọn IITA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní 1981. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Kòkòrò ajewé tó ń jẹ àgbàdo, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 2016, kò tíì rí irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ tó ká a. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé agbọ́n mìíràn á wá gbà wá.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn

Ẹ má bá kọngílá ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ìwé kan ojú ewé kan ti tó. Kó sọ ẹni tí yóò yẹ ẹrù wò lóko, àti ẹni tí yóò bá a wà níbẹ̀. Kó sọ ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí ìlera bí ẹrù bá máa gba ẹnubodè kọjá. Kó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá rí kòkòrò: bó bá ti wà lóko, olówó ẹrù ni yóò san owó oògùn àti owó ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró, bí wébíìlì bá sọ pé ẹrù mọ́ nígbà tó kúrò lóko, tí a wá rí kòkòrò nígbà tó dé, kọngílá ni yóò san án. Lójú tiwa, ìpín yìí tọ́, torí pé oníkálukú ń san owó ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè dènà. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n pín in sí méjì nígbà gbogbo. Ìyẹn dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbá ọkọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò gbá a á máa san iye kan náà, ta ni yóò wá gbá ọkọ̀?

Kó tún sọ pé kọngílá gbọ́dọ̀ tọ́jú àwọn wébíìlì rẹ̀ fún ó kéré tán ọdún kan. Bí kòkòrò bá yọ ní sítọ́ọ̀ kan ní Múṣín, àwọn bébà yẹn ni a ó fi tọpasẹ̀ rẹ̀ padà dé oko tó ti wá, ká lè ran àgbẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ kí gbogbo abà rẹ̀ tó di ìyẹ̀fun.

Ẹ mú un wá ká wò ó

Bí ẹ bá rí kòkòrò tí ẹ ò mọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ má sì gbé e láàyè kiri. Ẹ fi 5 tàbí 6 sínú ìgò oògùn kékeré tó ní ìdérí, kí ẹ da ògógóró lé e lórí kó lè bò ó. Ògógóró díẹ̀ ti tó, ẹ jọ̀ọ́. Ìyókù kì í ṣe ti kòkòrò. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹrù ti wá, irú ọjà tó wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sára bébà pélébé kan, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ torí ògógóró á nu yíǹkì bíírò kúrò, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú. Ẹ fún olùkọ́ àgbẹ̀ tó ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Àpò tí ẹ ti mú un, ẹ so ó pa, kí ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ títí èsì yóò fi dé.